"Ohun tó ju ìṣẹ̀dá lọ" kọ́ ni àbíkú

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe àjẹ́, àbíkú àti irú wọn ní "ohun tó ju ìṣẹ̀dá lọ", ẹ sì bèèrè bóyá ó yẹ kí sáyẹ́ǹsì dá sí wọn. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ orúkọ yẹn. Bí a bá gbà á, a ti dáhùn ìbéèrè yín ká tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ti ju ìṣẹ̀dá lọ, kí ni ẹni tó ń yẹ ìṣẹ̀dá wò ń wá níbẹ̀?

Yorùbá kò sì pín ayé bẹ́ẹ̀. Olódùmarè tó dá èèyàn náà ló dá irúnmọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́ ni àwámárìídìí. Ẹ tú u wò: ohun tí a wá, tí a kò rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń wá ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Kò sọ pé ohun náà kò nídìí, kò sì sọ pé ẹlòmíì ò lè wá a lọ́la kó rí i.

Ẹ wá wo àbíkú. A bí i, ó kú. Kò sí ẹ̀mí nínú orúkọ yẹn, kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run. Ohun tójú ìyá rí ló sọ. Ẹgbẹ́ ọ̀run jẹ́ àlàyé tí a ṣe lé e lórí. Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada: àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ibẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àrùn sickle cell nìyẹn, ọ̀kan nínú ohun tó ń pa ọmọ ní kékeré. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé hemoglobin inú wọn gan-an, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ló yàtọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS: ó gba àbùdá àrùn náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, àrùn náà kì í sì ṣe é. Ẹni tó gbà á lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá ni SS, òun ni àrùn náà ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ sọ pé sáyẹ́ǹsì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Mo bá nọ́ọ̀sì kan ṣe ògbufọ̀ fún tọkọtaya kan, AS làwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ní ewu pé ọmọ wọn á jẹ́ SS jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Èmi náà túmọ̀ rẹ̀ sí "ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin". Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́, àkọ́bí wa ti gbé e. Àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́." Ara mi bù máṣọ. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ki ọwọ́ bọ àpò tí òkúta pupa kan àti funfun mẹ́ta wà, tó mú ọ̀kan, tó dá a padà, tó sì tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní láti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé wọn.

Àìsí ọ̀rọ̀ fún ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ló fà á. Oríire, àyànmọ́, orí burúkú: ọwọ́ ẹnìkan ti wà nínú gbogbo wọn. Èèṣì ní àṣìṣe nínú. Kòńgẹ́ ló sún mọ́ ọn jù, nǹkan méjì pàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Ẹ máa ní a ń ṣe kòńgẹ́ ire, pé orí ló sì ń gbé ire pàdé ẹni. Mo gbà, ṣùgbọ́n ire la fi kún un níbẹ̀, kòńgẹ́ fúnra rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìdí tó fi jẹ́ ọmọ tiwọn, awò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò lè sọ ọ́, mi ò sì ní bi Pauling. Orí ni orúkọ ìbéèrè yẹn. Bí obìnrin náà bá gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, àlùfáà tàbí pásítọ̀, mi ò ní bá a jà, bí ọmọ bá ṣáà ń rí fólíìkì (folic acid, fítámì tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́) àti oògùn ibà rẹ̀ lò.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ ká fi lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rèé: "Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, kòńgẹ́ SS jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, èyí tí ẹ ti bí kò dín in kù." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dáadáa, ṣé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́dọ̀ yín tó mọ́ ju kòńgẹ́ lọ?