Àbọ̀ rèé o, lórí ọ̀rẹ́ mi tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn oúnjẹ
Ẹ rántí pé mo bi yín bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Mi ò mẹ́nu ba sísanra tàbí rírù rárá, mo kàn ní ọ̀rọ̀ ẹ ń bà mí lẹ́rù, ó bínú, àmọ́ lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ó ń sunkún. A jọ lọ rí dókítà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, potásíọ̀mù ẹ̀ (èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò) ti lọ sílẹ̀ torí èébì yẹn, ìyẹn sì lè da lílù ọkàn rú (kò mà rù rárá o, ta ni ì bá mọ̀). Ó ti ń rí therapist báyìí, ìyẹn onímọ̀ tó ń fi ìjíròrò ṣètọ́jú èèyàn. Ó ṣì bì lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹ ṣé gan-an, mo pa á dé síbí.