Báwo ni ènìyàn ṣe lè kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ jọ kí ó sì mọ̀ ọ́n lò?

Ọmọ Ìwó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo ń múra ìdánwò GRE, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì, àti IELTS, èyí tí wọ́n fi ń dán ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, sílẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ lọ kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera aráàlú ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé títí mo fi jáde yunifásítì, nítorí náà kì í ṣe pé n kò gbọ́ ọ. Ìṣòro mi ni pé mo ní ìwé kan tí wọ́n to ọ̀rọ̀ ńláńlá sí, tí mo ń há sórí lálaalẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá há lónìí kì í pẹ́ tí ó fi ń pòórá. Àwọn tó dúró gan-an, bí mo bá lò wọ́n nínú àròkọ, olùkọ́ tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ wò máa ń fa ìlà pupa sí abẹ́ wọn, á ní wọn kò bá ibi tí mo fi wọ́n sí mu. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni mo lè gbé e gbà?

Tíṣà Àgbà:

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lé ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ rí, èrò yìí sì ni ó ń ba àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù lọ. Ní ọdún 2000, Averil Coxhead, onímọ̀ èdè kan ní New Zealand, gbé àkójọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́yìn tí ó ti tú oríṣiríṣi ìwé ìmọ̀ yunifásítì wò. Ẹbí ọ̀rọ̀ 570 péré ni ó wà nínú rẹ̀, tí a bá ka “analyse”, “analysis” àti “analytical” sí ẹbí kan ṣoṣo, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n kó nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwọn ìwé náà. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jẹ́: “assume”, “derive”, “constrain”, “subsequent”, “whereas”. Kò sí èyí tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lo “derive” àti gbogbo ẹbí rẹ̀ láìṣì í lò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe òjò tó pọ̀ ní “heavy rain”, ó sì ń pe tíì tó le ní “strong tea”. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn fún ara wọn, gírámà kò ní lábùkù, àmọ́ etí ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa yóò kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú “conduct research”, “draw a conclusion” àti “commit a crime”. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, ẹ kọ àwọn tó máa ń bá a rìn mọ́ ọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì iṣẹ́ kíkọ IELTS ni ó wà fún ìlò ọ̀rọ̀, bí àwọn ọ̀rọ̀ ṣe bá ara wọn rìn sì wà lára ohun tí olùyẹ̀wò ń wò. Ó dá mi lójú pé òun ni olùkọ́ yín ń fa ìlà sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Houston:

Mo fara mọ́ ohun tí Tíṣà sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìwé àtòjọ náà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí “laconic”, “obdurate” àti “garrulous” kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé ìmọ̀ ìlera, ẹ sì lè bá wọn pàdé nínú GRE, nítorí náà ẹ má sọ ìwé yẹn nù. Kìkì pé láti ọdún 2011 ni wọ́n ti yọ ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀ òdìkejì kúrò. Inú gbólóhùn ni wọ́n ti ń dán ọ̀rọ̀ wò báyìí. Nínú irú ìbéèrè kan, wọn á fi àlàfo kan sílẹ̀, wọn á fún yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà, ẹ ó sì mú méjì tí yóò jẹ́ kí gbólóhùn náà ní ìtumọ̀ kan náà.

Ibi tí ó ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa rò pé a mọ̀. “Qualified praise” kì í ṣe ìyìn fún ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí, ìyìn tó ní “ṣùgbọ́n” nínú ni. “Check” lè jẹ́ kí a ká nǹkan lọ́wọ́ kò. “Sanction” lè jẹ́ ìfọwọ́sí, ó sì tún lè jẹ́ ìjìyà. Ẹ wá irú wọn kó jọ lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì:

Ní ti ìgbàgbé, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1885: ohun tí a há sórí máa ń tètè bọ́, àtúnyẹ̀wò tí a fi àyè sí àárín rẹ̀ ni ó sì ń mú un pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìlànà yìí ni Anki, áàpù tí a fi ń ṣe káàdì ìrántí, ń tẹ̀ lé, ọ̀fẹ́ sì ni lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù Android. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó padà wá. Èyí tó bá nira kò ní pẹ́ dé.

Bí a ṣe ń ṣe káàdì rẹ̀ ṣe pàtàkì ju Anki fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má kọ “mitigate” sí iwájú kí ẹ wá kọ “dín kù” sí ẹ̀yìn. Ẹ fi gbólóhùn tó ní àlàfo sí iwájú: “Treated nets ___ the risk of malaria but do not remove it.” Ní ẹ̀yìn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi “mitigate the effects” àti “mitigate the damage” tì í. Inú ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni kí ẹ ti máa ṣa gbólóhùn, nítorí pé iṣẹ́ yín ni, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó kà á.

Ọmọ Ìwó:

Mo dúpẹ́ gan-an, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìmọ̀ yín gbẹ. Ṣé ó yẹ kí n kọ́ àwọn gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Látìnì? Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà ńkọ́, ṣé yóò pa mí lára?

Tíṣà Àgbà:

Ẹ kọ́ gbòǹgbò náà, ó dára fún ìrántí: “bene” jẹ mọ́ rere, “mal” jẹ mọ́ burúkú, bí ó ti wà nínú “benevolent” àti “malevolent”. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìrísí ọ̀rọ̀ méfò. Ọ̀pọ̀ rò pé “enervate” ń fúnni lágbára, bẹ́ẹ̀ agbára ni ó ń gbà lára ẹni. “Noisome” kò sì bá ariwo tan rárá, òórùn burúkú ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì wa, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni Oxford English Dictionary gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wọlé, títí kan “danfo”, “okada”, “next tomorrow” àti “severally” bí a ṣe ń lò ó fún “lọ́pọ̀ ìgbà”. Inú mi dùn sí i, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí pé ó sọ wọ́n. Nínú ìdánwò yìí, ẹ kọ “repeatedly”, nítorí pé “severally” lójú olùyẹ̀wò lókè òkun lè dúró fún “lọ́tọ̀ọ̀tọ̀”. IELTS gba sípẹ́lì ti Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà, kí ẹ ṣáà má da méjèèjì pọ̀ nínú àròkọ kan.