Oògùn tó ń tú ìjánu kì í ṣe àjẹsára

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn sọ lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun, èyí tó ń rán àwọn ọmọ ogun ara sí jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ká máa pè é ní “àjẹsára jẹjẹrẹ”, ká sì máa pe àìsàn tó máa ń tìdí rẹ̀ mú pituitary, ẹṣẹ́ kékeré nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń tú họ́mọ́ọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀ láti darí iṣẹ́ ara, ní “ìwúlé olórí ẹṣẹ́”. Àbúrò kan láti Ìjẹ̀bú-Òde dábàá “atújánu” fún oògùn náà. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe eré ẹṣin Ojúde Ọba, àti pé ará Ìjẹ̀bú kọ́ ni yóò kọ́ Yorùbá lédè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọ̀ṣọ́sà tó bí Hubert Ògúndé, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà ni. Àbúrò ló gba ọ̀nà. Àmì ohùn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

À-jẹ-sí-ara. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló ń jẹ ẹ́, kí ohun tó ń bọ̀ má bàa ràn án. Ìyá àgbà mi ní Ìpẹ̀rù kì í fún ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ní àjẹsára. Àgbo ni wọ́n ń sè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ jogún orúkọ náà, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ipilimumab, ọ̀kan lára àwọn oògùn tuntun yìí, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2011 fún jẹjẹrẹ awọ ara tó ti ràn káàkiri, ẹni tí jẹjẹrẹ ti ń bá jà ni wọ́n ń fún. Àwọn ọmọ ogun ara ní ohun tó ń kó wọn níjàánu kí wọ́n má bàa yíjú sí ara tó ni wọ́n. CTLA-4 jẹ́ ọ̀kan, PD-1 jẹ́ òmíràn. Abẹ́ ìdádúró yẹn ni jẹjẹrẹ ń sá sí. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ló là wá lójú sí bí a ṣe lè mú un kúrò, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018.

Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀nà ní Ojúde Ọba nígbà tí ìdílé Balógun Kúkù bá gun ẹṣin jáde mọ̀ pé bí ìjánu bá já lẹ́nu ẹṣin, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí pátákò rẹ̀ máa tẹ̀. Bí oògùn yìí ṣe rí nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì pituitary fúnra rẹ̀ ní CTLA-4, nítorí náà ipilimumab a máa lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ọmọ ogun a sì dà bò ó. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ara á wúwo, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Orúkọ tó bá fi ewu yìí pamọ́ kò dára fún aláìsàn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ládùúgbò wa ní Ṣàgámù ń gba pembrolizumab, oògùn tó ń tú ìjánu PD-1, fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. “Àjẹsára” ni gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tí àárẹ̀ dé, wọ́n ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà, wọ́n po àgbo. Mo bá wọn nídìí àwo ìkọ́kọrẹ́ tó ń rú èéfín. Wọ́n bù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti àwo sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ dìde, òòyì sì gbé wọn padà sórí àga. Kò sí ẹni tó ro abẹ́rẹ́ yẹn sí i. Ta ló ń bẹ̀rù àjẹsára? Dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárọ̀ rí i pé cortisol, họ́mọ́ọ̀nù tí pituitary ń pàṣẹ pé kí ara ṣe, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Hydrocortisone, oògùn tó ń dípò cortisol, ni wọ́n fi gbé wọn dìde, wọn ò sì ní yéé lo ó títí ayé. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ wọn ń bá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí cortisol àti họ́mọ́ọ̀nù ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) bá jọ lọ sílẹ̀, cortisol ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà. Ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì lè pa aláìsàn.

Ó ku àmì ohùn. Àbúrò mi, “atújánu” kò ṣeé gbà. Ìjánu ni: bí ì bá ti pa jẹ lẹ́yìn tú, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní bá a lọ, inú jàá ló máa sá sí. Ṣebí ìkóra-ẹni-níjàánu là ń wí? Ṣebí atúnlùúṣe là ń kọ? Atújàánu ni.

Ní ti “ìwúlé”, ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un gbé yẹ̀ wò. Nínú èyí tí àwọn oògùn PD-1 ń fà, àwòrán MRI sábà máa ń fi hàn pé ẹṣẹ́ náà kò wú rárá, orí lè má sì fọ́. ACTH, họ́mọ́ọ̀nù tí pituitary fi ń pàṣẹ cortisol, nìkan ló máa ń gbẹ. Kí ló wá wúlé níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni “olórí” yẹn, “master gland” òyìnbó ni ẹ gbé wọ agbádá. Ẹ̀yà hypothalamus wà lókè tó ń pàṣẹ fún pituitary. Àìsàn yìí sì ti wà ṣáájú oògùn: ọdún 1962 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, lára obìnrin tó bímọ ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú. Ẹ má ṣe so orúkọ rẹ̀ mọ́ oògùn.



Ní tèmi, ìwé tí mò ń túmọ̀ fún àwọn aláìsàn ní Rẹ́mọ, atújàánu ni mò ń kọ sí i báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, tí ìjánu sì wà nínú rẹ̀, kó mú un wá.