Àbọ̀ ìbéèrè mi: iye ọ̀rọ̀ ni kí n máa kà, àbí wákàtí?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n fi àbọ̀ jẹ́ yín kí n tó pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Mo bi yín pé, níwọ̀n bó ti jẹ́ èmi fúnra mi ni mò ń tẹ ìwé mi jáde, tí kò sẹ́ni tó ń fún mi ní gbèdéke, kí ni kí n fi máa wọn iṣẹ́ mi?

Bí mo bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, iye ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó dábàá 50,000 ọ̀rọ̀ lóṣù kan bíi ti NaNoWriMo (ètò tí àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń gbìyànjú láti kọ ìwé ìtàn láàárín oṣù kan nígbà kan), ẹ ṣé, àmọ́ ìyẹn á tó 1,667 lójúmọ́, agbára mi ò gbé e. 500 ni mo mú. Tó bá wá di àtúnṣe, wákàtí ni mò ń kà, torí ẹni tó gé ojú ìwé mẹ́ta dànù ti ṣiṣẹ́ gidi, bẹ́ẹ̀ iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dín kù ni.

Excel ni mo fi ń ṣọ́ ọ: ọjọ́, iye iṣẹ́, àti ìdí tí mo fi dúró. Òpó kẹta yẹn ló wúlò jù (èmi náà kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni). Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àìmọ ohun tó kàn ló ń dá mi dúró ju àárẹ̀ lọ. Ní báyìí, kí n tó dìde, mo máa ń kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Iye ìwé tí mo fẹ́ tà ti kúrò nínú àfojúsùn mi. Ọwọ́ òǹkàwé nìyẹn wà. Ìwé náà ti wà lọ́dọ̀ olóòtú. Ẹ ṣé gan-an ni.