Aago márùn-ún la jọ sọ, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń kúrò nídìí iná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà ni mo ti ń ro àmàlà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la jọ sọ nígbà tí wọ́n gbà mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò sí ìwé. Látìgbà tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ òde àríyá, oṣù kẹrin rèé, aago mẹ́wàá ni mò ń kúrò. Ọmọorogùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ mi, owó oṣù ò sì yí padà. Mo bi ọ̀gá wa, wọ́n ní ṣebí mò ń jẹun ọ̀fẹ́. Lálẹ́ àná, ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ ni takisí Micra gbà lọ́wọ́ mi dé Mọ́níyà. Ṣé owó ófátáìmù tọ́ sí mi? Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Oúnjẹ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹ tó mélòó níbẹ̀?

Olùbéèrè: A tó ọgbọ̀n, mà.

Bàbá Àkànní: Mo ṣe alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì rí. Abala 13 òfin òṣìṣẹ́ wa ní wákàtí tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni wákàtí iṣẹ́, èyí tó bá lé e, ófátáìmù ni. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí jù nìyí: òfin yẹn ò dá iye tí wọ́n máa san. Àdéhùn yín ló máa sọ ọ́. Nítorí náà, béèrè ìwé: abala 7 ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta, kí wákàtí àti owó wà nínú ẹ̀. Ìsinmi wákàtí kan lójúmọ́ àti odindi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tọ́ sí ọ pẹ̀lú. Níwọ̀n bẹ́ ẹ ṣe ju 25 lọ, owó oṣù rẹ ò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 sọ.

Bàbá Lékè: Iṣẹ́ ò sí níta o. Ṣe sùúrù.

Ìyá Ìbejì: Bàbá Lékè, ta ló máa wá san owó Micra fún un?

Tósìn: Èmi náà jẹ irú ìyà yẹn. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ aago tí mo dé àti aago tí mo kúrò, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo gbé e síwájú ọ̀gá, wọ́n san ti oṣù méjì, wọ́n sì ń fún wa lówó ọkọ̀ alẹ́.

Bàbá Àkànní: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má dá lọ bá ọ̀gá o, kí gbogbo ẹ̀yin ará ìdí iná jọ lọ, kẹ́ ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ló kàn. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà n'Íbàdàn níbí, àmọ́ ìyẹn dìgbẹ̀yìn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Àwa márùn-ún la wà nídìí iná, mẹ́ta ti gbà. Mo ra ìwé náà lónìí. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀: mo dé 7:50 àárọ̀, mo kúrò 9:40 alẹ́.