Haydn àbí Reich: èwo ló yẹ kó ṣíwájú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá olórin. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Fáyólìn méjì, fíólà kan àti sẹ́lò kan la jẹ́. Orin méjì, Op. 76 No. 3 tí Haydn kọ àti Different Trains tí Steve Reich kọ (1988), la fẹ́ ta lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ti Reich ń fẹ́ máìkì, sípíkà àti ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀.

A ti dán an wò kí Reich ṣíwájú. Nígbà tí sípíkà ti kún etí tán, ibi tó ṣẹlẹgẹ́ jù nínú Haydn, níbi tí fáyólìn kejì ti gbé orin, tí àkọ́kọ́ nìkan sì ń ta yí i ká, kò rinlẹ̀ mọ́. (A ò ní fi máìkì sí Haydn o!)

Bí Haydn bá ṣíwájú ńkọ́? Iná orí ìtàgé á mú okùn gbóná, ohùn okùn á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn inú rẹ́kọ́ọ̀dù Reich kì í yẹ̀. A rò pé ká fi ìsinmi ogún ìṣẹ́jú sáàárín, ká fi ohùn A (ohùn tí a fi ń yí okùn kó bára mu) inú rẹ́kọ́ọ̀dù yí okùn, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà la máa to máìkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, èwo lẹ máa fi ṣíwájú? Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.