Jimny lásìkò ọyẹ́, láti Abuja dé Nguru: 4H, afẹ́fẹ́ táyà àti eruku

Ará Kubwa:
Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo fẹ́ gbé Suzuki Jimny, jíìpù kékeré onílẹ̀kùn méjì, lọ sí Nguru lóṣù kìíní. Kano àti Hadejia ni mo máa gbà. Ọ̀dà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n iyanrìn rírọ̀ ni ọ̀nà tó wọ abúlé tí mo ń lọ. Ìgbà wo ni kí n lo 4H (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa ọkọ̀), ìgbà wo ni 4L (mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, ṣùgbọ́n jíà tó lágbára tí kì í sáré)? Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́?

Awakọ̀ Sábó:
Lórí ọ̀dà gbígbẹ, 2H nìkan ni o, ìyẹn táyà ẹ̀yìn méjì ló ń fa ọkọ̀. Nínú 4H, Jimny so táyà iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn gírígírí. Tí ẹ bá yí kọ́nà, ti iwájú fẹ́ rìn jù ti ẹ̀yìn lọ, ọ̀dà kò sì ní jẹ́ kó yọ̀, jíà ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Iyanrìn ní tirẹ̀ máa ń gbà á láyè. Ẹ wọ 4H kí ẹ tó kan iyanrìn, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti rì. Ti 4L, ẹ dúró pátá, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọn táyà, nígbà tó tutù. Ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. 26 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) ló wà lára Jimny tuntun. Bí géèjì bá gòkè lọ́sàn-án, ooru ni, ẹ má jò ó. Lórí iyanrìn, ẹ jò ó sí 18. Bó bá ṣì ń rì, 15. Tó bá kéré jùyẹn, táyà lè bọ́ lára rímù bí ẹ bá yíwọ́ lójijì. Ẹ rọra rìn, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ sí i padà kí ẹ tó gun ọ̀dà, torí táyà rírọ̀ tó ń sáré á gbóná títí á fi bẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí pọ́ǹpù táyà tó ń lo bátìrì ọkọ̀ (12V) bá ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Dírébà, Zaria:
Èmi, ọ̀dà gan-an ni mo ń bẹ̀rù fún yín. Bí eruku bá ṣú, ẹ má tan fúùlù, eruku á dá a padà sójú yín. Iná rírẹlẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá rí iwájú mọ́, ẹ kúrò lórí ọ̀dà jìnnà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa gbogbo iná, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa tẹ̀ lé iná ẹ̀yìn yín, kó rò pé ẹ ń rìn, kó sì kọlù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí.

Ẹ má tan wápà lórí gíláàsì gbígbẹ, iyanrìn á ha á, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ́n sí i. Lálaalẹ́, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ ẹ láti inú síta. Ẹ má fọ oníbébà lómi. Ẹ mú tuntun kan dání.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀yin Awakọ̀ Sábó, bó bá wá rì ńkọ́?

Awakọ̀ Sábó:
Gbàrà tí táyà bá ń yí lásán, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ihò lẹ ń gbẹ́. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò lẹ́yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò bóyá ó ti jókòó lé iyanrìn. Ẹ jò ó sí 15, ẹ wọ 4L, kí ẹ rọra fi rìfáàsì gba ojú ipa tí ẹ bá wọlé, torí ibẹ̀ ti le.